Àgò Lórí Ìgbì

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ tẹlifóònù.
Wáyà eríà mi gùn láti orí páànù wa ní Òkè-Àdó
dé ara igi àgbálùmọ̀ Ìyá Rìsíkátù,
tó ń bura pé èso òun ti ń tọ́ bí irin lẹ́nu.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Iná ti lọ.
Jẹnẹrétọ̀ oní-fótokópì ń kùn nísàlẹ̀ bí agbọ́n.
Mo yí bọ́tìnì rédíò títí mo fi dé ibi kan tó pa lọ́lọ́,
ó mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.
Mo bèèrè lẹ́ẹ̀kan: “Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí?”
N ò kà dé mẹ́ta.
Mo ké sí Bísíríyù ní Ìlọrin,
mo ń ròyìn ìbàdí tó ń dùn mí,
owó ìfẹ̀yìntì tí kò dé,
òjò tó ká páànù ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àpáta.
Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ yìí, adití ni:
bí ìka bá ti wà lórí bọ́tìnì, etí ti kú.

Nígbà tí mo gbé ìka kúrò, Bísíríyù wúkọ́.
“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o.
Ó jọ pé ẹ jókòó lé ènìyàn lórí.”

Ènìyàn kẹ̀?

“Ọmọbìnrin kan ni, láti Ìṣẹ́yìn.
Ó ti ń bá ará Sakí sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé.
Mò ń gbọ́ ọ lábẹ́ ohùn yín,
bí ẹni tó wà nínú kànga tí wọ́n dé ọmọrí lé.”

Mo lè ní òkè Ìbàdàn ló dí mi létí.
Mo lè ní jẹnẹrétọ̀ ni.
Ṣùgbọ́n nínú ìloro dúdú tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ìdí-Àrẹrẹ,
ìyá mi kì í jẹ́ ká wọlé ẹnikẹ́ni láìkàgò.
Bí a bá sì kàgò tí a ò gbọ́ “àgò yà,”
a kì í torí ìyẹn ní ilé ṣófo.
Onílé lè wà ní balùwẹ̀, kí ọṣẹ wà lójú rẹ̀.
Ó lè jẹ́ arúgbó tí ohùn rẹ̀ kì í dé ìloro mọ́,
tàbí abiyamọ tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lé lẹ́yìn.
Ká kàgò, ká mí. Ká tún un kà, ká tẹ́tí.
Èmi tí mo mọ èyí kí n tó mọ ìwé,
mo gbé bàtà gun orí ẹní ẹlẹ́ní.

Mo tẹ bọ́tìnì.
“Ọmọ mi ní Ìṣẹ́yìn, Láyíwọlá rèé, n’Ìbàdàn.
N ò gbọ́ ọ ni, n ò fojú di ọ́.
Àgò tó yẹ kí n kà, mo kà á báyìí.
Ìwọ lo ni ibẹ̀. Mo ń sún sókè.”
Ariwo ṣáá ni mo gbọ́.

A sún sókè, èmi àti Bísíríyù,
ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu wa mọ́. A kí ara wa, ó dàárọ̀.

Ní agogo mẹ́wàá, oní-fótokópì pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.
Mo rọra sọ̀ kalẹ̀ padà síbẹ̀, mo káwọ́ sẹ́yìn.
Mo gbọ́ ọ: tín-ín-rín,
bí abẹ́rẹ́ tó já sórí símẹ́ńtì.
Fadérera lorúkọ rẹ̀.
Ó ń ka nọ́ńbà fún ará Sakí,
ó ṣì í kà, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un kà.
Ó dàbí pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ ẹ̀rọ náà pẹ́.

Nígbà tí wọ́n parí, tí ará Sakí ti lọ,
ohùn náà tún yọ:
“Bàbá Ìbàdàn, bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ mi…
àgò yà o.”

Mo na ìka sí bọ́tìnì.
Mo kà dé mẹ́ta.